Kíìtì mọ́tò iná fún àwọn ọmọ JSS: kí ni ẹ máa ń kó sínú tiyín?

Kì í ṣe ọkọ̀ o, mọ́tò tó ń yí fáànù ni. Àpò kan fún ọmọ méjì: bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá kan (D, 1.5 V), pín ìlédìí ńlá méjì, òòfà kan, rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, sáńpépà tó fẹ̀ tó ìka méjì, àti mítà 2 wáyà kọ́pà oní-fáníìṣì. Géèjì 24 (SWG, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí wáyà ṣe nípọn tó) ni kí ẹ béèrè. Ó nípọn tó mìlímítà 0.56. Géèjì 30 tín-ín-rín jù: ẹsẹ̀ rẹ̀ (etí wáyà méjèèjì) máa ń tẹ̀ lábẹ́ kọ́ìlì (òrùka wáyà tó ń yí). Ẹ má wulẹ̀ ra odidi róòlù: mítà kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 2.2, àpò ogún kò sì gbà ju gíráàmù 90 lọ. Ẹ ra 150 lọ́wọ́ àwọn tó ń wé fáànù àti jẹnẹrétọ̀, torí àwọn ọmọ á ba díẹ̀ jẹ́.

* * *

Ara bátìrì yẹn náà ni kí wọ́n wé wáyà mọ́, ìyípo 15, kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò: kọ́ìlì nìyẹn. Á gba mítà 1.6. Kí wọ́n fi èyí tó kù so kọ́ìlì pọ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì yọ jáde ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí wọ́n sì wà lórí ìlà kan náà. Kí wọ́n fi rọ́bà de pín kọ̀ọ̀kan mọ́ orí àti ìdí bátìrì, kí ẹsẹ̀ kọ́ìlì wọ ihò pín; orí bátìrì tó sùn, lábẹ́ kọ́ìlì, ni òòfà máa wà. Kí òòfà tó dé ibẹ̀, ẹ gbé kọ́ìlì sórí pín, ẹ fọwọ́ ta á. Tí ẹ̀gbẹ́ kan náà bá ń padà wá sísàlẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ̀gbẹ́ yẹn ló wúwo.

* * *

Ohun tó ń ba kíìtì ọjà jẹ́ lójú tèmi ni pé wọ́n ti ha fáníìṣì ẹsẹ̀ wáyà kúrò kalẹ̀ fún ọmọ. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà! Ẹsẹ̀ kan, kí ọmọ ha á yí po títí kọ́pà á fi dán. Ẹsẹ̀ kejì, ìdajì péré: kí kọ́ìlì dúró ṣánṣán, kí ẹsẹ̀ náà wà létí tábìlì, kó ha ojú òkè nìkan. Lẹ́yìn ààbọ̀ ìyípo, agbára tó ń ti kọ́ìlì á fẹ́ dá a padà. Fáníìṣì tó kù ló ń gé iná nígbà náà, eré tí kọ́ìlì ti ń sá bọ̀ á sì gbé e kọjá. Tí kọ́ìlì bá sùn pẹrẹsẹ nígbà tí wọ́n ń ha á, iná á máa wọlé lásìkò tí kò yẹ. Á kàn máa mì ni.

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ àwọn òòfà kékeré alágbára yẹn (neodymium) kúrò. Tí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn mọ́ra nínú ìfun, kí wọ́n sì dá a lu. Òòfà dúdú inú sípíkà àtijọ́ tó, bí ó bá ti sún mọ́ kọ́ìlì láìkàn án.

* * *

Ẹ fi èyí kún un: kọ́ìlì yẹn kò tó ohm 0.2. Tó bá dúró sórí pín láìyí, bátìrì á gbóná, pín náà á gbóná. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí wọ́n gbé e kúrò. Bátìrì fóònù kò gbọ̀dọ̀ dé ibẹ̀ rárá, ká má tiẹ̀ wá sọ iná ògiri.

* * *

Ẹ̀yin ará, pín tó ti dípẹtà náà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ ha ojú ihò rẹ̀. Ẹ sì fi ìgò kútẹ́ẹ̀sì kan sí kíláàsì. Ọmọ tó bá ha ẹsẹ̀ méjèèjì tán kò nílò wáyà mìíràn: kó gbé kọ́ìlì dúró, kó kun ìdajì ẹsẹ̀ kan, kó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kó tó gbé e padà sórí pín.