Ṣé àpáta ni mo ń rí lábẹ́ adágún yìí, àbí ìró ló ń tàn mí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó mọ̀ nípa sónà, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo ìsàlẹ̀ omi. Ẹ gbà mí.

À ń wá bí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún kan ṣe nípọn tó kó tó kan àpáta. Sónà wa ń ta ìró sísàlẹ̀ láti kìlóhẹ́ẹ̀tìsì (ìwọ̀n bí ìró ṣe ń gbọ̀n yára tó) 2 sí 16. Lẹ́bàá etí omi, àwòrán mọ́ kedere, ìpele ẹrẹ̀ tò léra bí ojú ewé ìwé. Bí a bá ti dé àárín, níbi tí omi ti jìn tó mítà 6, ńṣe ló dúdú bí ẹni ta aṣọ bò ó. Ìlà kan ṣoṣo ló hàn, ní mítà 12.

Mítà 12 yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ìlọ́po méjì 6 ni, bẹ́ẹ̀ sì ni bí ìsàlẹ̀ adágún bá gòkè díẹ̀, ìlà náà á gòkè ní ìlọ́po méjì. Ọ̀gá mi ní àpáta ni. Èmi ní ìró tó lu ojú omi tó tún padà sísàlẹ̀ ni. Ta ló jàre?

Aṣọ dúdú yẹn ńkọ́? Nígbà tí a ki ọ̀pá bọ ẹrẹ̀ náà, ó hó bí ọṣẹ, ó sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Gáàsì ni mo fura sí. Ṣé ìró tí kìlóhẹ́ẹ̀tìsì rẹ̀ kéré ju tiwa lọ, bíi ti bọ́ọ̀mà (ẹ̀rọ mìíràn tó ń ta ìró sísàlẹ̀ omi), lè là á kọjá? Àbí ká kúkú tẹ́ wáyà agbohùn sísàlẹ̀ adágún, ká lo sésímíìkì, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń gbọ́ ìró tó gba inú ilẹ̀ kọjá? Owó àtigbẹ́ ihò kò sí lọ́wọ́ wa. Ẹ dákun, ẹni tó bá ti ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn.