Ẹyẹ alọbọ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe aṣíkiri

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọyẹ́ o. Ní Kubwa, l'Abuja níbí, ètè ti ń là, àdí la fi ń pa á.

Kí ẹni tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé: arákùnrin wa tó ń kọ́ni ní Gwarinpa ló ń túmọ̀ àkọsílẹ̀ ọkùnrin kan tó máa ń wo ẹyẹ létí òkun ní England. Ohun tí ọkùnrin náà rí ní bèbè òkun àti nínú irà láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì ló wà níbẹ̀. Arákùnrin wa fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kà á, kí wọ́n wá kọ tiwọn nípa ẹyẹ tí wọ́n bá rí ní adágún Jabi. Ó wá bi wá pé kí la ó pe ẹyẹ tó ń ti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn lọ́dọọdún, kí la ó pe ìgbà tí wọ́n ń dé, kí la ó sì pe ibi tí wọ́n ń bà sí. Màmá wa ní Ilọrin fún un ní "aṣíkiri". Bùròdá tó wà ní Kano ní "àtìpó" ló dára jù. Ẹlòmíì ní kó kàn kọ "ẹyẹ ìgbà òtútù", kó sinmi. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Kiri" inú aṣíkiri ni kò jẹ́ kó bá mi lára mu. Ẹni tó ń kiri ọjà, ẹni tó ń rìn kiri ìgboro, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn yóò gbé dúró. Ẹyẹ tí à ń sọ yìí mọ ibi tó ń lọ. Ẹyẹ kékeré kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní whinchat, tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju gíráàmù 16 lọ. Àwọn olùwádìí tó ṣiṣẹ́ lágbègbè Jos fi òrùka aláwọ̀ mèremère sí i lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì dé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣẹ́kù láyé padà wá sí oko kan náà tí wọ́n ti jẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n gbé kọ́ àwọn kan lẹ́yìn sì fi hàn pé ìlà-oòrùn Yúróòpù ni wọ́n ti lọ yé. Ẹyẹ tó fò kọjá Sàhárà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tó tún mọ ẹ̀gbẹ́ oko tó fi sílẹ̀, kí ló kàn án kan kiri?

Àtìpó sún mọ́ ọn díẹ̀. Mo mọ ibi tí bùròdá wa ti mú un: àwa Yorùbá tó wà lókè ọya, àtìpó náà ni wá. Ṣùgbọ́n àtìpó ní ilé tó fi sílẹ̀. Ta ló sọ fún wa pé Yúróòpù nilé whinchat? Ó ń dé sọ́dọ̀ wa ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, oṣù kẹrin ló ń lọ. Ẹ kà á lórí ìka: ó ń pẹ́ lọ́dọ̀ wa ju ibi tó ti ń yé lọ. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ ìwé nípa rẹ̀ ń gbé lọ́hùn-ún, nítorí náà ni wọ́n ṣe pe ọ̀hún nílé. Kò yẹ ká dá a lẹ́jọ́ pẹ̀lú ojú wọn.

Alọbọ̀ ni mo mú wá. Ẹyẹ náà, alọbọ̀; ìrìn rẹ̀, ìlọbọ̀. A ò fi ibì kankan ṣe ilé fún un, a ò sì sọ ọ́ di alárìnkiri. Ẹni tí à ń sìn lọ sí ìrìnàjò, àlọ ire, àbọ̀ ire là ń wí fún un. Ẹnì kan ti bi mí níkọ̀kọ̀ pé ṣé kò ní dàrú mọ́ àlọ́ tí à ń pa fọ́mọdé. Kò ní dàrú mọ́ ọn létí ẹni tó gbọ́ Yorùbá: ohùn àárín ni "alọ" ti inú alọbọ̀, àlọ́ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ó sì parí sókè.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé ó gba lékèélékèé wọlé. Gbogbo wa la na èékánná sí lékèélékèé lọ́mọdé pé kó fún wa ní funfun. Ìgbà wo là ń ṣe é? Ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí wọ́n bá ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn kọjá lójú ọ̀run. Bí òjò bá ti múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á gba òkè ọya lọ láti lọ yé. Lékèélékèé wa yìí kò dé Yúróòpù, kò rí òjò dídì rí, síbẹ̀ ó ń lọ ó ń bọ̀. Ẹ tún bi Hausa tó bá yín gbé àdúgbò nípa shamuwa, ẹyẹ dúdú oníkùn funfun, ẹlẹ́sẹ̀ gíga, tó ń kọ́ ìtẹ́ sórí igi àti òrùlé láàárín abúlé. Òjò ni shamuwa ń bá dé, wọn kì í sì í pa á. Bí a bá kọ "ẹyẹ ìgbà òtútù" sínú ìwé ọmọdé, shamuwa àti lékèélékèé ti bọ́ síta, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an lọmọ náà mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbà ló kàn. Ẹnì kan ní kí arákùnrin wa pa "ìgbà òtútù" rẹ́ nínú ìtumọ̀ náà, kó fi "ìgbà ọyẹ́" sí i, kó lè dùn létí ọmọ Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ṣe é. Afẹ́fẹ́ ni ọyẹ́. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń fẹ́ wá, eruku ló kó dání, ṣe ló ń gbẹ nǹkan. Ọkùnrin tó dúró létí òkun England nínú oṣù kìíní, òjò ló ń pa á, aṣọ rẹ̀ kì í gbẹ. Ẹyẹ brent goose tó kọ̀wé nípa rẹ̀, Sìbéríà ló ti wá. Ilẹ̀ àti omi ibẹ̀ ti dì gbagidi. Knot tó rí, Greenland àti àríwá Kánádà ni wọ́n ti ń bọ̀. Òtútù ló lé wọn, ibi tí òtútù ti mọ níwọ̀n ni wọ́n sá wá, níbi tí brent goose ti lè máa jẹ koríko inú òkun, tí knot sì lè máa ṣa aràn àti ìṣáwùrú jẹ, bí omi òkun bá fà sẹ́yìn. Ìgbà òtútù bá ìtàn tiwọn mu régí. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ dé Jabi. Oṣù kẹta ní Abuja, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ bó èèyàn láwọ, àwọn ẹyẹ alọbọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Arákùnrin wa ti lẹ "ìgbà òtútù" mọ́ pẹ́pẹ́yẹ inú igbó kan tó ń jẹ́ garganey. Ní England fúnra rẹ̀, ìgbà ooru ni garganey ń dé! Kí òtútù tó wọlé síbẹ̀, ó ti kọjá Sàhárà lọ sẹ́nu odò Senegal, àbàtà odò Ọya ní Mali, adágún Chad àti Hadejia-Nguru tiwa. Ẹ kọ "ẹyẹ ẹ̀ẹ̀rùn" sí i, ó tán. Ẹni tó bá ní òmíràn ń dé ní oṣù kẹsàn-án tí òjò ṣì ń rọ̀, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣe kàlẹ́ńdà.

Ní ti ibi tí wọ́n ń bà sí, "ilẹ̀ olómi" tí àwọn kan ń lò, Gẹ̀ẹ́sì tó wọ agbádá ni. Bí mo bá da omi sílẹ̀ nínú yàrá mi, ilẹ̀ olómi náà nìyẹn. Irà ni ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń rì sí. Àkùrọ̀ ni bèbè odò tí omi ti fà kúrò, tí à ń gbin ẹ̀fọ́ sí lẹ́ẹ̀rùn. Òun ni Hausa ń pè ní fàdámà, tí ìjọba àti Báǹkì Àgbáyé fi sọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ńlá wọn lórúkọ ní àwọn ọdún 1990. Àbàtà ló gbòòrò jù, ibi tí omi dúró sí, tí koríko hù nínú rẹ̀, tí ẹja, àkèré àti ẹyẹ jọ ń gbé. Bùròdá Kano ní fàdámà ni ká mú nítorí gbogbo ẹni tó ń ra tòmátò ní Abuja ló mọ̀ ọ́n. Àmọ́ garganey kì í bà sí àárín tòmátò.

Àwọn baba wa sì ti sọ iṣẹ́ àbàtà tán nínú òwe: àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ẹ wo Hadejia-Nguru, ní Jigawa àti Yobe. Omi odò Hadejia àti Jama'are ló ń bọ́ ọ. Wọ́n kọ́ dáàmù Tiga sókè odò, ní ìpínlẹ̀ Kano, ní 1974. Ti Challawa Gorge tẹ̀lé e ní 1992. Ìkún omi tó máa ń bo ibẹ̀ lọ́dọọdún bá dín kù. Lọ́wọ́ kejì, àwọn ojú odò tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn kò gbẹ mọ́, nítorí dáàmù ń tú omi sílẹ̀ jálẹ̀ ọdún, kachalla bá rí ààyè, koríko gíga tó ń dí ojú omi pa. Àdéhùn Ramsar ti 1971, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dáàbò bo irú ibi báyìí, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 2001, tó sì ní adágún Nguru nínú ìwé rẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá, Àdéhùn Àbàtà ni màá pè é.

Ẹni tó ń wo ẹyẹ ńkọ́? Aṣọ́yẹ kọ́. Ní Kebbi tàbí Jigawa, aṣọ́yẹ ni ọmọ tó ń gbá agolo nínú oko ìrẹsì kí ẹyẹ jan baki má baà jẹ ẹ́ tán. Awòyẹ ni, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní awòràwọ̀. Wọ́n ní yóò jọ awòye, ẹni tó ń rí ohun tí ń bọ̀, bí fóònù bá gbàgbé àmì abẹ́. Kí ló burú ńbẹ̀?

Orúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ló le jù. Ẹ lọ sí Jabi ní ìdájí, kí ariwo àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó bẹ̀rẹ̀. Lórí òkúta etí omi ẹ ó rí ẹyẹ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, tí ikùn rẹ̀ funfun, tí funfun náà yọ sókè díẹ̀ níwájú apá. Ìdí rẹ̀ kì í dúró: bó ń jẹun, á mì ín, bó dúró, á mì ín. Bó bá fò, á fò rẹlẹ̀ lórí omi, apá á gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, á dúró ṣánṣán díẹ̀, á tún gbọ̀n. Òun ni common sandpiper. Èmi pè é ní amìdí; màmá wa ní Ilọrin ní kò dáa lẹ́nu ọmọdé. Mo bẹ màmá wa, ìdí náà ló ń mì. Ẹ má fi ajùrù rọ́pò rẹ̀, torí ajùrù tọ́ sí wagtail aláyà-ìyeyè tó ń tẹ̀lé màlúù Fúlàní nínú koríko, ẹni tí ìrù rẹ̀ gùn, tó ń jù ú.

Ẹyẹ ruff náà dá wàhálà sílẹ̀. Ẹnì kan wo àwòrán akọ rẹ̀, ó rí ìyẹ́ ńlá tó yí i lọ́rùn ká, ó ní "ọlọ́rùn-ìyẹ́". Ìgbà tí wọ́n ń gun ara wọn ní àríwá Yúróòpù nìkan ni akọ ń hu ìyẹ́ yẹn. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti bọ́ ọ sílẹ̀, ẹyẹ eléérú orí kékeré lásán ló kù, tó ń tẹ ẹrẹ̀ oko ìrẹsì pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá ń wá ìyẹ́ ọrùn ní Nguru, yóò pẹ́ níbẹ̀. Atẹrà ni mo dá fún òun àti gbogbo ìran ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín tó ń jẹ nínú irà. Ìyẹn "tẹ irà", kì í ṣe "tẹra mọ́ṣẹ́". Garganey ní tirẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ onílà, nítorí ilà funfun tó gba òkè ojú akọ lọ sẹ́yìn orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilà náà kì í yọ dáadáa títí ẹ̀ẹ̀rùn fi jinlẹ̀.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kò nílò orúkọ tuntun, àlàyé ló nílò. Èyí tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé sára ilé wa, tiwa ni. Èyí tó ń ti Yúróòpù bọ̀, tó ju mílíọ̀nù kan tó ń sùn pọ̀ lórí òkè ní Ebbaken, ní Boje ìpínlẹ̀ Cross River, kì í kọ́lé síbí rárá. Ẹ kọ "alápàáǹdẹ̀dẹ̀ alọbọ̀" fún un.

Brent goose àti knot, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè wọ́n. Wọn ò ní bà sí Jabi kí sáà ilé-ẹ̀kọ́ tó parí, àwọn tó sì ń bà síbẹ̀ ṣì pọ̀ nílẹ̀ tí a ò tíì sọ lórúkọ.