Tábìlì ìrókò àtijọ́: ọ̀dà ẹfun àti ìda

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀pẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, fánìṣì tábìlì ìyá ọkọ mi ti ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Mo fẹ́ fi ọ̀dà ẹfun funfun (èyí tí wọ́n ń pè ní chalk paint) kùn ún, kí n fi ìda pa á. Ṣé dandan ni kí n fá a dé igi?

Káfíńtà Ayétòrò:
Rárá, mà. Ibi tó ń bó nìkan ni kẹ́ ẹ fi sanpépà ha. Ẹ fi omi ọṣẹ nù ún, kó gbẹ. Omi aláwọ̀ inú igi lè la ọ̀dà funfun yẹn já, ẹ kọ́kọ́ fi ṣẹ́làkì (ohun tí wọ́n fi ń dí ojú igi) pa á kẹ́ ẹ tó kùn ún.

Ọmọ Pópó:
Ìda kì í gba ìkòkò gbígbóná o, yíyọ́ ló máa yọ́.

Ìyá Ìbejì:
Háà! Orí ẹ̀ la ti ń jẹ ẹ̀bà. Fánìṣì tí wọ́n fi omi pò ni mo máa fi lé e dípò ìda.