Ta ni a rán níṣẹ́, ta ni ó ń bẹ̀bẹ̀? Èsì sí àbá “irinṣẹ́ ẹ̀bẹ̀”

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ èdè wa ń jẹ lọ́kàn, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ń túmọ̀ ìtọ́sọ́nà lórí bí a ṣe ń fi curl àti wget, irinṣẹ́ méjì tí a fi ń gba nǹkan wá tàbí gbé nǹkan lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sórí kọ̀ǹpútà ti gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta síwájú wa. Wọ́n ní ohun tí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní request, ni kí a máa pè ní “ẹ̀bẹ̀”. Kí irinṣẹ́ náà máa jẹ́ “irinṣẹ́ ẹ̀bẹ̀”. Kí fífi í sórí ẹ̀rọ sì máa jẹ́ “ìfìdímúlẹ̀”. Mo ka àbá náà lẹ́ẹ̀mejì, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo rìn yí ilé po, mo tún ṣí i, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀. N kò rí ẹ̀gbọ́n fín, wọ́n ju mí lọ lọ́jọ́ orí, wọ́n sì jù mí lọ nínú iṣẹ́ ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí “ẹ̀bẹ̀” bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló dùn mí jù. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, bí kò bá jẹ́ pé ó ti jẹ̀bi, a jẹ́ pé ohun tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ló ń wá. A ń bẹ ẹni tí a ṣẹ̀. A kì í bẹ akọ̀wé pé kí ó mú ìwé tó jẹ́ tiwa wá, àfi bí akọ̀wé náà bá ti sọ ara rẹ̀ di ọba. Èwo nínú èyí ló bá curl mu? Nígbà tí mo bá kọ curl https://example.com sójú ìlà àṣẹ, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, n kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Curl á wá ibi tí sáfà náà (server, kọ̀ǹpútà tí ohun tí mo ń wá wà lórí rẹ̀) wà, á kan ilẹ̀kùn, á sọ ohun tí mo ní kí ó sọ, á gba èsì, á sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú mi. Bí ojú ewé tí mo ń wá kò bá sí, sáfà á dáhùn pé 404, ó parí. N kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti dọ̀bálẹ̀ nínú ìyẹn.

Àwọn kan ti ní kí a kúkú lo “ìbéèrè”, nítorí pé ohun tí a kò mọ̀ ni a ń béèrè, ohun tí a fẹ́ gbà náà sì ni a ń béèrè. Ó sàn ju ẹ̀bẹ̀ lọ, n kò jiyàn. Bó bá ṣe GET nìkan ló wà ni nínú àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ HTTP, ìlànà tí irinṣẹ́ wọ̀nyí fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀, ǹ bá fara mọ́ ọn, nítorí GET ń sọ pé kí wọ́n fún mi ní nǹkan, HEAD sì ń sọ pé kí wọ́n fi ohun tó wà lórí rẹ̀ hàn mí láìgbé ara rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1996 tí wọ́n ti tẹ ìlànà HTTP/1.0 jáde ni POST ti wà pẹ̀lú àwọn méjèèjì, ẹrù sì ni POST ń gbé lọ. PUT náà ń gbé ẹrù lọ síbi tí a dárúkọ fún un. DELETE wá ńkọ́? Bí mo bá kọ curl -X DELETE, tí mo sì fi àdírẹ́sì ohun tí mo fẹ́ kí sáfà pa rẹ́ tẹ̀lé e, ìbéèrè wo ni mo béèrè? Sáfà lè kọ̀, ìyẹn dọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí a ránṣẹ́ sí lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀.

Iṣẹ́ ni a ń rán. Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo ìrìn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ọ̀kan tí a ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó hun: a rán ni níṣẹ́, ó jẹ́ iṣẹ́ náà, ó gba èsì, ó mú èsì bọ̀. Nítorí náà, “iṣẹ́ rírán” ni mo fi rọ́pò ẹ̀bẹ̀, “ìránṣẹ́” sì ni curl, “ìránṣẹ́” ni wget.

Ẹ̀gbọ́n á ní mo ń fi àfiwé ṣe gírámà. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn irinṣẹ́ náà, nítorí wọ́n kọ ọ́ sínú àbá wọn pé láti ara irun tó ká ni orúkọ curl ti wá, irun kò sì bá a tan rárá. Daniel Stenberg, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ló gbé curl jáde ní oṣù kẹta ọdún 1998, orúkọ náà sì dá lórí URL, èyíinì ni àdírẹ́sì tí a ń fún un. Kí ó tó dìgbà náà, httpget ni irinṣẹ́ yìí ń jẹ́. Lọ́dún 1996 ni Stenberg bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, torí pé ó fẹ́ máa rí iye tí owó ilẹ̀ kan fi ń pààrọ̀ sí ti ilẹ̀ mìíràn fún àwọn tí wọ́n jọ ń tàkúrọ̀sọ lórí IRC. Lẹ́yìn náà ó di urlget. Ìgbà tí irinṣẹ́ náà wá lè gbé fáìlì lọ, tí kì í ṣe gbígbà nìkan mọ́, ni ẹni tó ni ín rí i pé get, èyíinì ni “gbà”, tó wà nínú orúkọ rẹ̀ ti ń parọ́, ó sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí onínǹkan fọwọ́ ara rẹ̀ yọ dànù ní ọdún 1998 ni ẹ fẹ́ fi “ẹ̀bẹ̀” dá padà sí i lọ́rùn yìí. Wget ṣì di get tirẹ̀ mú. Hrvoje Nikšić, ọmọ Kroatíà, ló kọ ọ́ ní 1996, Geturl ló kọ́kọ́ pè é, gbígbà náà sì ni iṣẹ́ rẹ̀ jù lọ títí dòní.

Bàbá tó kọ́ mi ní gírámà, tí wọ́n máa ń fi gègé gbá wa lọ́wọ́ bí a bá gbàgbé àmì ohùn, kò lo kọ̀ǹpútà rí títí wọ́n fi lọ. Síbẹ̀, òwe kan tí wọn kò jẹ́ kí ó sinmi lẹ́nu wọn ni mo fi ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ àwọn irinṣẹ́ méjèèjì yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí a bá rán curl sí àdírẹ́sì tó ti yí padà, sáfà á sọ fún un pé 301, pé ohun tí ó ń wá ti kó lọ sí ibòmíràn, á sì fún un ní àdírẹ́sì tuntun. Curl á gba ọ̀rọ̀ yẹn gẹ́lẹ́, á mú un wálé, á sì jókòó. O ní kí ó lọ sílé àkọ́kọ́, ó ti lọ. Àfi bí o bá fi -L kún un ni yóò tó tẹ̀ síwájú dé ilé kejì. Iṣẹ́ ẹrú ló fi tẹrú jẹ́. Wget kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbọ́ pé onílé ti kó, á bá a lọ síbi tuntun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, á gba ohun tí ó wá gbà, á sì tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì, nígbà tó jẹ́ pé ojú ìlà àṣẹ ni curl máa ń da gbogbo rẹ̀ sí bí o kò bá fi -o tàbí -O sọ fún un. Kódà bí o bá fi -r lé wget lọ́wọ́, á máa ti ojú ewé kan bọ́ sí òmíràn, á máa kó wọn bọ̀, títí wàá fi kábàámọ̀ pé o rán an. Ẹ wá fi “ẹ̀bẹ̀” ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí kí n gbọ́.

Àbúrò wa kan tí mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kò gbà. Ó ní ìṣe ni ì- ń sọ di orúkọ, pé ìránṣẹ́ kò lè jẹ́ irinṣẹ́, pé a- ni ó yẹ kí ó wà níwájú, kí ó jẹ́ “aránṣẹ́”. Mo bi í pé kí ni a fi ń gbálẹ̀, kí ni a ń wọ̀ sọ́wọ́, kí ni a ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ kí a tó wọ bàtà. Ìgbálẹ̀, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀: ì- ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó jẹ́ ìṣe nínú wọn. Aránṣẹ́ ni ẹni tó rán iṣẹ́, èmi tí mo jókòó ti kọ̀ǹpútà nìyẹn. Àbúrò wá sá lọ sí “òjíṣẹ́”, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà wuyì, mo rò ó fún odindi ọjọ́ méjì. Àmọ́ òjíṣẹ́ ti wọ agbádá ẹ̀sìn tipẹ́, ta ni yóò ka “fi òjíṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ” tí kò ní rẹ́rìn-ín? Àríyànjiyàn yìí kò tíì parí láàárín àwa méjèèjì.

Àwọn tó ti fi “ìránṣẹ́” túmọ̀ sáfà ṣáájú yóò ta kò mí, mo mọ̀. Wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, server, ẹni tó ń sìn, wọn kò wo ohun tí ó ń ṣe. Sáfà kì í lọ síbì kankan. Ojú kan ló jókòó sí, tí ó ń retí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò jáde nílé, ta ni ó rán an?

Ohùn tún wà ńbẹ̀ o. Níbi mẹ́ta nínú àbá wọn, “ìṣẹ́” ni ẹ̀gbọ́n kọ níbi tó yẹ kí iṣẹ́ wà. Àmì kékeré kan ni, ṣùgbọ́n “a rán wget ní ìṣẹ́” túmọ̀ sí pé òṣì ni a dì fún un lọ. Ẹni tó bá mọ ohun tó jẹ́ oògùn ìṣẹ́ kò yẹ kí ó ṣi ọ̀rọ̀ méjèèjì gbé fún ara wọn.

Ó ku “ìfìdímúlẹ̀”. A ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ níwájú adájọ́, ìjọba ń fìdí múlẹ̀, igi tó fìdí múlẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ kan fà tu. Lórí Ubuntu, ẹ̀yà Linux kan, sudo apt install curl ni gbogbo iṣẹ́ náà, sudo apt remove curl sì ni gbogbo ìtúká rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé a fi nǹkan sórí kọ̀ǹpútà, ọmọdé ń sọ ọ́, àgbà ń sọ ọ́. Kí ló dé tí a kò fi ní kọ “fífi curl sórí kọ̀ǹpútà”? Èyí tó burú jù ni pé ọ̀rọ̀ gígùn yẹn bo àṣìṣe kan mọ́lẹ̀ nínú ìtọ́sọ́nà náà. Wọ́n kọ “ìfìdímúlẹ̀ curl lórí Windows” ní lẹ́tà gàdàgbà, bẹ́ẹ̀ curl ti ń bá Windows 10 wá láti ọdún 2018, ó sì ti wà lórí macOS, ti kọ̀ǹpútà Apple, tẹ́lẹ̀. Wget ni kò sí lórí macOS, òun ni ó yẹ kí wọ́n sọ pé kí a fi àṣẹ Homebrew, brew install wget, gbé wá.

Ohun tí ẹni tó ń lo Windows nílò yàtọ̀ sí ìyẹn. Ọmọ àbúrò mi jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó ṣí Windows PowerShell, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ lórí Windows, ó kọ curl -L àti àdírẹ́sì kan, lẹ́tà pupa sì bo ojú kọ̀ǹpútà pé kò sí ohun tó ń jẹ́ L. Ó ní, “Bàbá, curl yín ti bàjẹ́.” Mo ní kò bàjẹ́, pé ẹni tí ó pè kọ́ ló dá a lóhùn. Nínú PowerShell tó bá Windows wá, àlàjẹ́ (alias) lásán ni curl. Invoke-WebRequest, àṣẹ PowerShell fúnra rẹ̀, ló ń jẹ́ ẹ, wget náà sì jẹ́ àlàjẹ́ ẹni kan náà. Kí curl gan-an tó lè dáhùn, a ní láti fi orúkọ bàbá rẹ̀ kún un: curl.exe. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ojú ewé náà sì yọ. Ní PowerShell 6 sókè, wọ́n ti gba àlàjẹ́ yẹn kúrò. Ẹ̀gbọ́n pe èyí ní “orúkọ èké” nínú ìtumọ̀ wọn. Èké kọ́ o, àlàjẹ́ ni; bí ẹnìkan bá sì fẹ́ràn ìnagijẹ jù ú lọ, n kò ní bá a jà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé létí mi, ìnagijẹ máa ń ní ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ nínú.

“Ipa ọ̀nà” tí wọ́n lò fún PATH, àtòjọ ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń wá irinṣẹ́, dára, mo kí wọn fún un. Èyí tí wọ́n fi “ibùdókọ̀” túmọ̀ terminal, ojú ibi tí a ti ń kọ àṣẹ, ni mo fi ọ̀wọ̀ fò kọjá.

Ìlà àkọ́kọ́ ìtọ́sọ́nà náà, bí ó bá ṣe èmi ni mo ń kọ ọ́, ni “Wò ó bóyá curl ti wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ, kọ curl --version. Bí kò bá sí, fi í síbẹ̀ kí o tó rán an níṣẹ́.” Ẹni tó bá ṣì fẹ́ “ẹ̀bẹ̀” lẹ́yìn èyí, kí ó jọ̀wọ́ túmọ̀ DELETE fún mi lákọ̀ọ́kọ́. Lórí bóyá èsì ni sáfà ń fún wa tàbí ìdáhùn, mo ń retí ohun tí àbúrò wa yóò wí, mo sì mọ̀ pé a ó tún jà.