Ràúta mi ń kú, ó ń jí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Kàbà: Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ràúta oní-síìmù wa, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún fóònù wa, fẹ́ sọ mí di wèrè. Lọ́sàn-án, kò sí wàhálà. Bó bá ti di aago méje alẹ́, tí fóònù àwọn ọmọ máàrún bá wọ̀ ọ́, á lọ, á dé, á tún lọ. Dátà wà ńbẹ̀ o. Mo ti fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo ètò inú rẹ̀ bá parẹ́, ọmọ àdúgbò ló bá mi tò ó padà. Pàbó ni. Orí fìríìjì ló wà.

Ọmọ Ìsánlú: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mà. Alẹ́ ni gbogbo ìlú ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, òkè ló tún yí wa ká. Ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé, irin fìríìjì náà ò dáa fún un.

Atúnfóònùṣe: Ẹ má tíì gbé e. Mà, tó bá lọ, ṣé gbogbo iná ojú rẹ̀ ló ń kú, àbí ti íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń pọ́n?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ n dúró tì í.

Gbogbo ẹ̀ ló kú o! Ó ṣú dùdù, bẹ́ẹ̀ gílóòbù ilé ń tàn. Ìgbà tó yá ni wọ́n ń tàn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Atúnfóònùṣe: Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ràúta fúnra rẹ̀ ò ní kú. Ṣájà tó bá a wá lẹ ṣì ń lò?

Ìyá Ìbejì: Eku ti jẹ okùn ìyẹn. Mo ra òmíràn lọ́jà, ẹnu ẹ̀ sì wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

Atúnfóònùṣe: Ẹnu lè wọ̀ kí agbára má tó. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ràúta, kẹ́ ẹ fi wé ti ṣájà.

Ìyá Ìbejì: Ràúta: 12V 1A. Ṣájà: 12V 0.5A.

Atúnfóònùṣe: V ni bí iná ṣe ń tì lágbára tó, A ni bí iná tí ṣájà lè gbé wá ṣe pọ̀ tó. Ìdajì oúnjẹ lẹ ń fún un! Tó bá jẹ́ fóònù kan, á rọ́ ọ gbé. Tí márùn-ún bá dé, á dákú. 12V náà ni kẹ́ ẹ rà, kò gbọdọ̀ jù, kò gbọdọ̀ dín. Ti A yẹn lè jẹ́ 1 tàbí 2, ìwọ̀n tó bá nílò ló máa fà.

Ọmọ Ìsánlú: Ẹnu mi yá jù. Àmọ́ ẹ ṣì gbé e kúrò lórí fìríìjì o.

Ìyá Ìbejì: Mo ti ra 12V 2A, mo sì so okùn rẹ̀ mọ́ ìṣó lókè kí eku má bàa rí i. Láti ìrọ̀lẹ́ àná, iná rẹ̀ ò ṣẹ́jú. Àwọn ọmọ yìí sì ti fi fíìmù jẹ dátà mi tán.