Ríféètì táńkì tí mo fi sáǹpépà ha dànù

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń to táńkì ogun oníke kéékèèké, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló sọ yín di ẹni yẹ̀yẹ́ nínú ilé ara yín? Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tèmi.

M3 Lee, táńkì ogun Amẹ́ríkà, ni mo rà, ìdá kan nínú 35 ojúlówó. Ojúlówó rẹ̀ gùn ju mítà 5 àbọ̀ lọ díẹ̀. Èyí tó wà lórí tábìlì ìdáná mi ní Manchester ò ju sẹ̀ǹtímítà 16 lọ, síbẹ̀ ìyàwó mi ní kò jẹ́ kí òun rí ibi gbé àwo sí. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n ra Tiger ti Jámánì, nítorí gbogbo ayé ló ń ra Tiger. Mo kọ̀. Bàbá bàbá mi lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hítílà, Lee sì wà lára táńkì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ síbẹ̀ lọ́dún 1944, nígbà tí Sherman, táńkì Amẹ́ríkà tó tuntun jù ú lọ, ti gba ipò rẹ̀ níbòmíràn.

Ó burẹ́wà débi pé ó wù mí. Ìbọn ńlá méjì ló gbé: mìlímítà 37 wà lókè nínú ilé tó ń yí, 75 wà lára rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, bí ẹni gbé igbá há abíyá. Ìkánjú ló fà á. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń ṣe é, wọn ò tíì ní ilé tó ń yí tó lè gba ìbọn 75. Tí ọ̀tá bá gba ọwọ́ òsì yọ, odidi táńkì ló gbọ́dọ̀ yíjú kí ìbọn ńlá tó lè rí i.

Wọn ò jó irin rẹ̀ pọ̀, ríféètì, ìṣó olórí roboto, ni wọ́n fi kàn án, ó wá rí gbúngbùn-gbúngbùn káàkiri bí ara ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn sójà inú rẹ̀ ò fẹ́ràn ríféètì yẹn rárá. Bí ọta bá gbá táńkì lóde, orí ríféètì lè já, kó fò wọnú bí ọta mìíràn.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìṣe. Níbi tí ike méjì ti pàdé lápá ọ̀tún, gọ́ọ̀mù yọ síta. Mo mú sáǹpépà. Mo ń ha, mo ń fẹ́ eruku dànù, mo ń gbọ́ rédíò. Nígbà tí mo máa gbé e sábẹ́ iná, ojú ibẹ̀ ń dán bí àwo tánganran. Ríféètì 14 ti bá eruku lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dé e mọ́ inú páálí. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ló ní, “Àbúrò, wo àwọn ike tó ṣẹ́kù tí o ò ní lò. Ṣé kò sí ríféètì lára wọn ni? Mú bíléèdì tuntun, kí o máa bẹ́ wọn lórí.” Mo bẹ́ wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tó ìdajì hóró ọkà bàbà. Mo fi igi ìtayín kán gọ́ọ̀mù bíńtín síbi tó yẹ, mo fi itọ́ rin orí ìtayín kejì, mo fi í gbé ríféètì. Ti àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ìtayín, kò gbà kó sọ̀. Ti ìkejì, mo sín. Mi ò rí i mọ́ títí dòní. Alẹ́ mẹ́ta ló gbà mí, ìkan sì ṣì yẹ̀ sọ́tùn-ún. Ẹ má bi mí, mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọ̀dà ò fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú. Àwọ̀ ewé ṣíṣú ni mo kùn ún, mo wá po ọ̀dà aláwọ̀ igi mọ́ tínà títí ó fi ṣàn bí omi ẹ̀kọ, mo fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ sí ìdí ríféètì kọ̀ọ̀kan. Fúnra rẹ̀ ló ṣàn yí i ká. Lójú ẹsẹ̀, n kò dá èyí tí mo lẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ mọ́, àfi èyí tó yẹ̀ yẹn.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi ní Abẹ́òkúta. Ohùn ló fi dáhùn: “Ó dáa o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n Bàbá ò gun irú èyí rí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn.”

*Èsì:* Ẹ kú iṣẹ́, sà. Tínà yẹn ni kí ẹ ṣọ́ra fún o. T-34, táńkì Rọ́ṣíà, lèmi tò, mo da tínà sí i bí ẹni ń fọ aṣọ. Ilẹ̀ mọ́, apá méjì tó di wíìlì mú ti là, nítorí tipátipá ni mo fi ti wíìlì bọ̀ ọ́, tínà sì rí ojú ibi tó ń ro ike lára. Fáníìṣì ni mo ń kọ́kọ́ kùn báyìí, mo sì ń jẹ́ kó gbẹ.

*Èsì:* Tèmi ò le tó tiyín. Sítíkà ìràwọ̀ funfun ni, mo lẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀dà tí kò dán, afẹ́fẹ́ há sábẹ́ rẹ̀. Ó ń kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja.

*Ẹni tó bẹ̀rẹ̀:* Ẹ ṣé, ìyá wa. Kò là, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Òótọ́ sì ni àbúrò bàbá mi sọ. Dìfíṣàn 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Bàbá wà, àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà ni wọ́n gbà. Ọkọ̀ òfurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù nínú igbó. Mo wá ère sójà tó ru ẹrù sórí títí, mi ò rí rà. Mo ti ra ti sójà Gẹ̀ẹ́sì kan, mo gé apá rẹ̀, mo tún un lẹ̀ sókè, mo fi amọ̀ alágọ́ọ̀mù mọ ẹrù lé e lórí. Ẹrù náà ti tóbi jù. Ó dà bí ìyá aláta tó ń lọ sọ́jà Kútọ̀. Ní alẹ́ òní màá gé e kù.