"Àsọdọ̀tun" ò bá ooru ilẹ̀ mu, ẹ wo "asunpadà"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ lórí orúkọ Yorùbá tá a máa fún renewable energy, ìyẹn agbára tí kì í tán bíi ti oòrùn àti afẹ́fẹ́. Èyí tí ẹnì kan ní ká máa pe renewable energy ní "agbára àtúnlò" ò wọ̀ mí létí rárá, àtúnlò ni ti ike omi àti pépà, ta ló tún kó eérú padà sídìí ààrò rí? "Àsọdọ̀tun" tí ọ̀pọ̀ yín fara mọ́ sàn díẹ̀, àmọ́ ta ló ń sọ oòrùn dọ̀tun?

Ti ilé tí wọ́n ń fi ooru ilẹ̀ mú móoru yìí, tẹ́ ẹ ní ṣé ó tiẹ̀ yẹ ká kà á mọ́ renewable energy, mo ti débẹ̀ o, iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe ní London. Wọ́n gbẹ́ ihò tó jìn tó 100 mítà, wọ́n ti páìpù dúdú bọ̀ ọ́, omi tí wọ́n po oògùn mọ́ kó má bàa di yìnyín ń lọ ń bọ̀ nínú ẹ̀. Mo fọwọ́ kan méjèèjì: èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ tutù ju èyí tó ń bọ̀ lókè lọ, àmọ́ èyí tó ń bọ̀ yẹn náà, ẹ gbà mí gbọ́, òtútù ni! Torí náà ẹni tó ń pè é ní "iná inú ilẹ̀" ń tan èèyàn jẹ, wọ́n á rò pé Ìkògòsì ni, níbi tí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti ń tú jáde fúnra ẹ̀. Níbí, ẹ̀rọ tó ń jẹ iná ló ń fa ooru kíún yẹn jọ tó fi ń gbóná.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. LEED, ìlànà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ilé ṣe ń tọ́jú àyíká tó ní Amẹ́ríkà, ò kà á mọ́ renewable, wọ́n ní ìṣúnnálò lásán ni, ìyẹn ká kàn máa ṣún iná lò. Òfin European Union kà á ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á yọ iná tí ẹ̀rọ jẹ: tó bá jẹ iná 1 tó mú ooru 4 wá, 3 ni wọ́n á kọ sílẹ̀. Ìyẹn ló yé mi jù, torí tẹ́ ẹ bá fa omi nínú kànga, okùn ò sí lára omi.

Kànga ọ̀hún náà ló fún mi lórúkọ. Bá a ṣe ń pọn ọ́n ló ń sun padà, ooru tá a fà nígbà òtútù, oòrùn á tún rọra dá a padà sílẹ̀, àfi tí wọ́n bá fà á jù, nígbà yẹn ilẹ̀ á máa tutù sí i lọ́dọọdún bí ìgbà tí kànga ń gbẹ. Ẹ jẹ́ ká pe renewable energy ní "agbára asunpadà" jàre, ká sì pe ẹ̀rọ tó ń fa ooru ilẹ̀ yẹn ní "afaooru".

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní láìsí àmì, ó jọ oorun sísùn. Ṣebí ẹ kì í fàmì sí "orísun" náà lórí fóònù yín, ta ló sì pè é ní "orí sùn" rí?